Ẹ jẹ́ kí tíṣà sinmi

Ẹ̀yin ará wa ní Kano, àwọn òbí kan ń bi èmi ọ̀gá ilé-ìwé pé kí ló dé tí a ò ṣe lẹ́sìn nínú ọlidé yìí. Tíṣà tó ti ń jí láago 5 láti oṣù kẹsàn-án, tó ń máàkì ìwé wọ òru, ó ti rẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sinmi, orí ọmọ yín ni ìkanra rẹ̀ máa já sí. Ní Sabon Gari níbí, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ la máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkan, títí kan ìyá tó ń gbálẹ̀: "ẹ ṣé", "na gode", "daalụ". Kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ pe tíṣà ọmọ yín lónìí. Ẹ má bèèrè máàkì, ẹ kàn dúpẹ́.