Mélòó Ló Kù, àbí Ta Ló Kù?

Yorùbá kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìyá tí ó mọ àṣà, bí a bá bi í léèrè iye ọmọ rẹ̀, orúkọ ni yóò máa dá. Àwọn kan ka èyí sí ìgbàgbọ́ àtijọ́ tí kò bá ìmọ̀ ìṣirò mu. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà sì ti wá di ẹlẹ́rìí mi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Ogudu ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, ètò tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó pàṣẹ kí ẹ̀rọ rẹ̀ yọ ọ̀kan nínú àwọn ẹnu-ọ̀nà tí ó fi ń bá kọ̀ǹpútà mìíràn sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ kọ̀. Ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá ni ó ń kọ ọ́ síta pé ó ku ẹyọ kan tí ó ṣì ń lò ó.

Mo ní, “Ta ni ẹni náà?”

Ó ní, “Bàbá, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Ẹ̀rọ mọ iye, kò mọ orúkọ.”

Ìlànà náà kò le. Apá ètò tí ó bá yá ohun kan lò yóò fi ení kún iye; bí ó bá lò ó tán, yóò yọ ení kúrò. Bí iye bá di òdo, a ó kó ohun náà kúrò, àyè rẹ̀ yóò sì di ti ẹlòmíràn.

Ẹ fi ilé ẹbí wé e. Bí a bá gbàgbé láti yọ ẹni tí ó ti gba ìpín tirẹ̀ lọ, ilé yóò ṣófo, kò ní ṣeé tà, kò ní ṣeé tún kọ́. Bí a bá sì yọ ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì, iye yóò di òdo nígbà tí opó kan ṣì ń sùn nínú yàrá. A ó ta ilé mọ́ ọn lórí. Èyí ni ó léwu jù nínú kọ̀ǹpútà, nítorí olè lè kó ẹrù tirẹ̀ sínú àyè náà, kí ẹni tí ó rò pé ohun òun ṣì wà níbẹ̀ sì máa tẹ̀ lé àṣẹ olè.

Ní ọdún 2017, Linux gba òǹkà tuntun tí ń kígbe bí iye bá fẹ́ ṣìnà. Síbẹ̀, iye náà ni. Ọdún 2022 ni iṣẹ́ Eric Dumazet wọlé: gbogbo ẹni tí ó bá yá nǹkan, a ó kọ ibi tí ó ti yá a sílẹ̀, a ó sì pa á rẹ́ nígbà tí ó bá dá a padà. Àkọsílẹ̀ yìí ń jẹ àyè àti àkókò, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ ni ó ń tan án. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tan án. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ajigbèsè ti hàn: ọ̀nà kékeré kan tí ètò náà ń gbà sá jáde nígbà tí nǹkan bá dàrú, láì dá ohun tí ó yá padà.

Mo ti jókòó ní ìpàdé ẹbí tí gbogbo ènìyàn ti ń wí pé “àwa mẹ́rin”, tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ. Iye tó láti fi pín ẹran. Ṣùgbọ́n bí ó bá di kí a ti ilẹ̀kùn, tàbí kí a ta ilé, ẹ má béèrè mélòó ló kù. Ẹ béèrè ta ló kù.