ỌKỌ̀ NI ILÉ WỌN, ALÙPÙPÙ NI ẸSẸ̀ WỌN! Ohun tí mo fojú rí ní aṣálẹ̀ Arizona

Ìlú kan wà ní Arizona, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Quartzsite lorúkọ ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ará ibẹ̀ lọ́dún 2020, 2,413 péré ni wọ́n. Àmọ́ tó bá ti di oṣù Jánúárì, ìlú kékeré yìí á kún bámúbámú. Àwọn tó ń ta òkúta dídán, irin iṣẹ́ àti aṣọ àlòkù á pàgọ́ sẹ́bàá títì. Ọjà gidi ni, wọ́n sì ń nájà ńbẹ̀ dáadáa!

Àwọn wo ló ń kún ibẹ̀? Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ló pọ̀ jù, àwọn tó ń sá fún òtútù apá òkè Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ ńlá ni ilé wọn: bẹ́ẹ̀dì wà nínú ẹ̀, sítóòfù wà, ilé ìgbẹ́ náà wà. Ilẹ̀ ìjọba kan tó ń jẹ́ La Posa ni wọ́n ń gbé e sí, láti ọjọ́ 15 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà títí di ọjọ́ 15 oṣù Épírìlì. Lọ́dún 2023, 180 dọ́là ni owó ilẹ̀ fún odindi oṣù méje yẹn. Ara oòrùn ni wọ́n ti ń fa iná tí wọ́n ń lò.

Ọkọ̀ ńlá ò lè wọ àwọn ọ̀nà tóóró inú aṣálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí alùpùpù tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn dáadáa ni Yamaha TW200, tí táyà rẹ̀ sanra bí ẹsẹ̀ erin.

Màmá ẹni ọdún 71 kan ló mú mi jáde. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ta ilé, ó ra ọkọ̀. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọ̀nà wọn jìn. Nígbà tí mo pè é ní Màmá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe òun bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Kí a tó gbéra, ó kó sípánà, pọ́ǹpù, lẹ́ẹ̀dì táyà àti omi. Gálọ́ọ̀nù omi kan ni fún ẹnì kan lójúmọ́, bí oòrùn ò tiẹ̀ mú. Ó tún mú ìyarun. Mo ní kí lèyí wà fún? Ó ní ọrọ́ kan wà tó ń jẹ́ cholla. Bí ara bá kàn án pẹ́nrẹ́n, ìdì ẹ̀gún rẹ̀ á já mọ́ni lára. Ìyarun ni wọ́n fi ń gbọ̀n ọ́n dànù, torí ẹni tó bá fọwọ́ yọ ọ́, ó kó o sọ́wọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ló kọ ọ̀nà tí a ń gbà àti aago tí a máa padà sínú ìwé, ó fún bàbá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí aago yẹn bá kọjá tí a ò dé, kí bàbá pe ọlọ́pàá. Fóònù kì í ṣiṣẹ́ láàárín òkè wọ̀nyẹn.

Ibi tí a lọ ni Kofa, ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ lọ́dún 1939 fún àgùntàn orí òkè tí ìwo rẹ̀ ká. Alùpùpù tí ò bá ní nọ́ńbà ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. A gba títì lọ sí gúúsù ní nǹkan bíi máìlì 18, a wá yà sọ́nà erùpẹ̀ máìlì méje. Níbi tí iyanrìn ti pọ̀, Màmá dín afẹ́fẹ́ táyà kù kí ó lè tẹ́ sílẹ̀. Ó ní kí n dìde dúró lórí ẹsẹ̀, kí n má fún ẹ́ńjìnnì lépo kù, kí n má tẹ búréèkì lójijì. Òkúta ń ta pàrà lábẹ́ wa, ọwọ́ mi kú tipiri.

Nígbà tó yá, a fẹsẹ̀ rìn gun òkè. Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn ràn wọ inú pàlàpálá àpáta, ni mo bá rí i: igi ọ̀pẹ! Nínú aṣálẹ̀! Kì í ṣe ọ̀pẹ tiwa tó ń so ẹyìn o, ewé tirẹ̀ rí bí abẹ̀bẹ̀. Tí oòrùn bá yẹ̀ báyìí, òjìji àpáta á tún bò ó. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ẹ ò rí i bí?

Ẹ má rò pé gbígbẹ nìkan léwu ibẹ̀ o. Òjò lè rọ̀ sórí òkè tó jìnnà, kí ojú odò tó ti gbẹ ṣàdédé kún, kó gbé èèyàn lọ. Òfin kan wà ní Arizona láti ọdún 1995: awakọ̀ tó bá kọjá ìdènà wọ inú omi, òun ló máa san owó àwọn tó wá yọ ọ́, ó lè tó 2,000 dọ́là.

Nígbà tí a padà dé, bàbá yẹn ti jókòó síta, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo aago, ó fà á ya, ó wọlé. Kò sọ ohunkóhun. Àmọ́ mo rí i pé ara tù ú.

Sàréè kan wà nílùú náà, ràkúnmí bàbà ló wà lórí rẹ̀. Hadji Ali ló sùn síbẹ̀. Hadji yẹn náà ni àwa ń pè ní Àlàájì! Lọ́dún 1856 ni iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà mú un wá láti máa da ràkúnmí. Wọn ò lè pe orúkọ rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di Hi Jolly. Iṣẹ́ ràkúnmí tán, kò padà sílé, ó kú síbẹ̀ lọ́dún 1902. Àwọn òyìnbó ló kọ́ ibojì náà fún un lọ́dún 1935.

Àjò ò lè dùn dùn dùn kónílé má relé. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lókè òkun, ẹ̀yin tí ọkọ yín ń gun ọ̀kadà lọ oko lójoojúmọ́, ẹ bi wọ́n léèrè lónìí: bí o ò bá dé lásìkò, ta ló máa mọ̀? Ọwọ́ ta ni ìwé ọ̀nà rẹ wà?