Ọkọ̀ Ojú Omi Nínú Ìwé Ìṣirò

Kò sí òkun ní Oníyanrìn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀sà. Omi tí àwọn ará Ìbàdàn kì í gbàgbé ni Ògùnpa, èyí tí ó kún ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, tí ó wó ilé, tí ó sì gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Síbẹ̀, lára ògiri yàrá olùkọ́ àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ní àdúgbò náà, omi tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ ni ó wà nínú àwòrán tí ó gbé kọ́ síbẹ̀.

Ẹ̀dà iṣẹ́ Konstantinos Volanakis, ọmọ ilẹ̀ Gíríìkì, ni. Àwọn ọkọ̀ inú rẹ̀ ta ìgbòkun, ṣùgbọ́n atẹ́gùn kò fẹ́. Ìgbòkun náà rọ̀ bí aṣọ tí a sá sórí okùn. Òjìji òpó ọkọ̀ nà sínú omi, kò sì ṣẹ́. Ẹni tí kò ní sùúrù yóò ní kò sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Erékùṣù Kírétè ni wọ́n ti bí Volanakis ní 1837. Nígbà tí ó di ọ̀dọ́mọkùnrin, ó lọ ṣiṣẹ́ akọ̀wé owó lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò ṣúgà ní Trieste. Inú ìwé ìṣirò owó wọn ni ó ń ya ọkọ̀ ojú omi sí. Nígbà tí wọ́n rí i, wọn kò lé e lọ. Ńṣe ni wọ́n rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Munich, ní ilẹ̀ Jámánì. Ní 1883, ó padà sí ilẹ̀ Gíríìkì, ó fìdí kalẹ̀ sí èbúté Piraeus, ó ń ya òkun, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà. Ó kú ní 1907.

Ọjọ́ tí olùkọ́ àgbà ka ìtàn yìí ni ọmọkùnrin kan padà wá sí i lọ́kàn. Ọmọ náà ya ọkọ̀ méjì sí etí ìwé ìṣirò rẹ̀, òjìji wọn sì wà nísàlẹ̀ wọn.

“Òkun wo ni ìwọ rí ní Oníyanrìn?”

“Ẹ̀pẹ́ ni ilé ìyá mi, sà. Bí ọkọ̀ ṣe máa ń sùn sójú ọ̀sà nírọ̀lẹ́ nìyẹn.”

Pàṣán mẹ́fà ni ó jẹ. Olùkọ́ fa ojú ìwé náà ya. Ọmọ náà kò ya nǹkan kan mọ́. Ìṣirò rẹ̀ kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ sunwọ̀n sí i.

Kì í ṣe pé olùkọ́ kò gbọ́ orúkọ Aina Onabolu rí, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, tí ó ti ń ya àwòrán kí ó tó lọ kọ́ ọ sí i ní London ní 1920, tí ó sì padà wá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Èkó. Ó mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn inú ìdánwò. Kò mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí ó lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú òun.

Nírọ̀lẹ́, ó máa ń jókòó kọjú sí ògiri náà. Bí omi kò bá dákẹ́, òjìji ọkọ̀ kì í hàn nínú rẹ̀. Ó ti wá mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ni ọkàn olùkọ́ rí. Pàṣán ọjọ́ náà ti kán tipẹ́, ṣùgbọ́n ojú ìwé tí ó fà ya kò ṣe é lẹ̀ mọ́.