Agbè Àna àti Ìgò Olówó

Kò sí ohun tí ó burú nínú kí ènìyàn mu ọtí tí agbára rẹ̀ bá ká. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni kí ìgò di òṣùwọ̀n ọmọlúàbí.

Láàárín ọdún 1973 sí 1974, iye owó epo rọ̀bì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Nígbà tí ìjọba sì san owó Udoji ní 1975, ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́ bí a ti ń náwó kí ayé lè rí i. Owó náà tán, ìwà náà kò tán.

Níbi ìṣílé kan tí mo lọ ní Àjàó Estate, ní agbègbè Òṣòdì-Ìsọlọ̀, àwọn àgbà ilé àna gbé agbè ẹmu wá láti fi wúre. Onílé ní kí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó wá gbé ìgò Champagne sókè, ó ń ka ọdún tí wọ́n ṣe é bí ẹni ń ki oríkì baba rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó da yìnyín sínú ife.

Orúkọ ilẹ̀ kan ní Faransé ni Champagne. Àwọn tí ó ni ín ń fi ohun ilẹ̀ wọn yangàn ni. Èé ṣe tí àwa ń fi tiwọn tẹ́ńbẹ́lú tiwa? Ẹmu kì í ṣe ohun àfipamọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti kan. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ènìyàn jọ mu ún.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí olówó mu Champagne rẹ̀ ní àlàáfíà, ṣùgbọ́n kí agbè àna kọ́kọ́ dé orí tábìlì.