Ìṣubú Mi Lórí Òkè Òjò-Dídì

Nígbà tí Olóòtú ìwé yìí bẹ̀ mí pé kí n kọ nǹkan díẹ̀ nípa ìsinmi Kérésìmesì mi, mo kọ́kọ́ kọ̀ fún un, nítorí pé ìṣubú ni ó pọ̀ jù nínú ìsinmi náà. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti gbọ́ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì ti fi tiwọn kún un. Mo tilẹ̀ gbọ́ ní ilé ìjẹun pé mo fò láti orí òkè kan dé orí òmíràn. Nítorí náà ó yẹ kí n sọ ọ́ bí ó ti rí gan-an.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Edinburgh, ní ilẹ̀ Scotland. Òun ni ó san owó ọkọ̀ òfuurufú mi pé kí n wá bá òun ṣe ọdún. Ó sì ti san owó ọjọ́ mẹ́rin sílẹ̀ fún àwa méjèèjì ní Aviemore, ìlú kékeré kan tí ó wà ní ẹsẹ̀ àwọn òkè Cairngorm, kí a lè lọ kọ́ bí a ti ń fi síkì ṣeré lórí òjò-dídì. Nígbà tí ó ku ọ̀la kí a lọ, wọ́n pè é sí iṣẹ́ alẹ́ nítorí pé ẹnìkan ṣàìsàn. Owó náà kò sì ṣeé gbà padà mọ́. Ó ní kí èmi máa lọ.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni n óò máa bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ tí o jẹ́ tíṣà! Ìgbà wo ni o bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí wàá bá sọ̀rọ̀?"

Kí n tó tẹ̀ síwájú, mo ní láti jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. Ní sáà ẹ̀kọ́ tí ó ṣáájú ìsinmi náà, nígbà tí a pín wa sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tí kò mọ ìwé kà dáadáa. Bí mo bá pè é pé kí ó kàwé, yóò dìde, yóò di ìwé mú bí ẹni tí ó gbé àwo gbígbóná lọ́wọ́, kò sì ní sọ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ tí yóò fi dákẹ́. Mo ṣebí ọ̀lẹ ni. Mo máa ń fi í sílẹ̀ lórí ìdúró títí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi rẹ́rìn-ín, nítorí mo rò pé ìtìjú ni yóò ta á jí. Nígbà tí ó yá, ọmọ náà kì í wá sí ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ ní ọjọ́ tí a bá ní ìwé kíkà. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ìsáǹsá ni. Olùkọ́ tí ó wá wo iṣẹ́ mi kò rí nǹkan kan wí sí i. Ó ní kíláàsì mi pa rọ́rọ́.

Láti Edinburgh dé Aviemore tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta nínú ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí a kọjá Perth, àwọn òkè bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ wa lọ́tùn-ún lósì, nígbà tí a sì gun ọ̀nà àárín òkè tí à ń pè ní Drumochter, níbi tí ojú irin ti ga tó 452 mítà, ohun gbogbo ti funfun. Láti kékeré ni mo ti ń bá òjò-dídì pàdé nínú Bíbélì. Mo tilẹ̀ ti kọ́ àwọn ọmọ Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́-Ìsinmi nípa rẹ̀, bí ẹni tí ń júwe ọ̀nà ìlú tí òun kò dé rí. Mo ti ṣebí yóò rí bí owú. Kò rí bí owú rárá. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ tí mo bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó rí bí iyọ̀ tí a lọ̀ kúnná, kí n sì tó ka ení dé ẹ̀wá, ó ti di omi, ọwọ́ mi sì ń ta mí bí ẹni pé ẹyin iná ni mo gbá mú.

Ilé tí mo wọ̀ sí jẹ́ ilé àwọn arìnrìn-àjò, ibùsùn mẹ́fà sì ni ó wà nínú yàrá kan. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé oúnjẹ mi lọ sí igun kan, mo kọjú sí ògiri, mo sì ń ka ìwé tí n kò rí ohun kan dì mú nínú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ni ó ní ẹni tí ó bá wá. Ní ilé wa, ẹni tí ó bá dá lọ ṣe fàájì, ẹbí yóò béèrè ohun tí ó ṣe é. Èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi léèrè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fi bọ́ọ̀sì gbé wa lọ sí ẹ̀gbẹ́ òkè Cairn Gorm, èyí tí ó ga tó 1,245 mítà. Òkè yìí lẹ́fùúùfù púpọ̀: ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 1986, ẹ̀rọ tí ó wà lórí rẹ̀ wọn ẹ̀fúùfù tí ó sáré tó nǹkan bíi 278 kìlómítà ní wákàtí kan. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé kì í ṣe irú rẹ̀ ni ó fẹ́ ní ọjọ́ tiwa. Wọ́n fún wa ní akoto, wọ́n fún wa ní bàtà líle kan tí ó gùn dé ojúgun, tí ó mú mi máa rìn bí ẹni tí a fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè. Lẹ́yìn náà ni a wá de síkì mọ́ ọn. Láti èdè Norway ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ ní àtètèkọ́ṣe sì ni igi lílà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni, tí imú rẹ̀ tẹ̀ sókè.

Àgbàlagbà márùn-ún ni a wà nínú kíláàsì àwọn tí kò mọ nǹkan kan: ìyá àgbàlagbà kan láti Dundee, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ará Pólándì tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná hòtẹ́ẹ̀lì, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti yunifásítì, àti èmi. Olùkọ́ wa jẹ́ ọmọbìnrin tí n kò rò pé ó dàgbà jù mí lọ. Ó ní kí n máa pe òun ní orúkọ òun, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á. Mo ń pè é ní Olùkọ́ títí ọjọ́ mẹ́rin fi pé, àwọn yòókù sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ó kọ́ wa ni bí a ti ń ṣubú. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú níwájú wa, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó sì ní kí olúkúlùkù wa ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọ́ wa bí a ti ń dìde: kí a fi síkì dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, nítorí pé bí imú wọn bá kọjú sí ìsàlẹ̀, bí o ti ń dìde ni wọn yóò máa gbé ọ lọ. Ẹ̀yìn èyí ni ó tó kọ́ wa bí a ti ń dúró: kí a kó imú síkì méjèèjì jọ, kí a ti gìgísẹ̀ síta, kí ó rí bí igun òrùlé. Ohun tí ó ṣòro jù fún mi ni pé, bí ẹ̀rù bá ti ń ba ènìyàn, ara rẹ̀ yóò fẹ́ fà sẹ́yìn, bí ó bá sì ti fà sẹ́yìn, síkì kò ní gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Àfi kí ó tẹ ara síwájú, sí ìhà ibi tí ó ń bẹ̀rù gan-an.

Ní ọjọ́ kejì ẹ̀kọ́, olùkọ́ wa ní kí a máa sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí àwọn yòókù dúró máa wò. Nígbà tí ó kàn mí, mo gbọ́ ohun gbogbo tí ó wí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó dé ẹsẹ̀ mi. Orúnkún mi ń gbọ̀n. Mo rìn díẹ̀, mo dúró, mo ṣubú. Àwọn ọmọ Pólándì méjì náà rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ìkà, nítorí pé àwọn náà ti ṣubú ṣáájú mi. Ṣùgbọ́n bí mo ti wà nílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rín mìíràn ni mo gbọ́. Mo rí ọmọkùnrin kan tí ó di ìwé mú bí àwo gbígbóná, mo sì rí ara mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó ìkọ̀wé, tí mo káwọ́ lẹ́yìn, tí mo ń dúró dè é.

Olùkọ́ wa kò sọ nǹkan kan. Ó pe gbogbo wa padà sí òkè, ó sì ní kí a máa bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ní ẹsẹẹsẹ, kí ojú olúkúlùkù wà ní ọ̀nà tirẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀ láìṣubú fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, mo bi í léèrè ìdí tí ó fi yí i padà. Ó ní, "Ẹni tí gbogbo ojú ń wò kì í gbọ́ ohùn mi mọ́." Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ohun kékeré ni, ó sì lọ kó àwọn ọ̀pá jọ. Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ẹ̀kọ́ nípa ọ̀nà ìkọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, mo sì ti yege nínú ìdánwò rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti jẹun ní igun mọ́. Ìṣubú ni ó mú mi mọ ènìyàn, nítorí pé kò sí bí wọn yóò ti gbé ọ dìde tí wọn kò ní bá ọ sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ Pólándì fún mi ní ọbẹ̀ wọn, mo sì sọ fún wọn bí a ti ń gún iyán. Ọkùnrin arúgbó kan wà nínú yàrá wa, ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tí ó gbọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́ọ̀nù ni mo ti wá, ó sọ fún mi nípa Henry Lunn, ẹni tí ó ti ṣe míṣọ́nnárì oníṣègùn ní Íńdíà kí ó tó di ẹni tí ń kó àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ sí òkè Switzerland. Ọmọ rẹ̀, Arnold Lunn, ni ó sì gbé eré síkì tí à ń sá láàárín àwọn òpó kalẹ̀ ní Mürren ní ọdún 1922. Mo wí fún un pé ọmọ Nàìjíríà kò mọ irú eré wọ̀nyí. Ó wò mí, ó ní ní ọdún 2018, ní ilẹ̀ Kòríà, Seun Adigun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì wa ọkọ̀ orí yìnyín fún Nàìjíríà, Simidele Adeagbo sì dojú bolẹ̀ lórí pákó sáré tirẹ̀. Ní ọdún 2022, Samuel Ikpefan fi síkì sáré fún wa ní Beijing. Àjèjì ni ó sọ ìròyìn ilé mi fún mi!

Ṣùgbọ́n ìyá Dundee náà ni n kò lè gbàgbé. Màmá ni mo ń pè é, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó sọ fún mi pé fún ọgbọ̀n ọdún ni òun fi ń bá ọkọ òun wá sí òkè yìí, tí òun sì máa ń jókòó sí ilé títa tíì ní ìsàlẹ̀, tí òun ń bá a mú ẹ̀wù rẹ̀ lọ́wọ́. Ọkọ náà ti kú. Ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí ohun tí ó ń gòkè lọ wò. Ní ọjọ́ kẹta, ó bá wa gun ẹní rọ́bà tí ń rìn fúnra rẹ̀ dé òkè ibi tí a ti ń kọ́ṣẹ́. Òfuurufú mọ́ kedere. Adágún Loch Morlich wà ní ìsàlẹ̀ láàárín igbó dúdú. Màmá dúró, kò sọ nǹkan kan. Olùkọ́ wa pẹ̀lú dúró, kò sì sọ pé àkókò ń lọ.

Ìgbéraga mú mi ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo sì sáré ju bí mo ti mọ̀ lọ, mo lọ wọ inú àwọ̀n tí wọ́n fi ṣe ọgbà. Ọmọbìnrin kékeré kan láti kíláàsì àwọn ọmọdé, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, yọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ mi, ó gbé ọ̀pá mi fún mi, ó ní, "Àwọ̀n ni ẹ ń wò. Ẹ má ṣe wo àwọ̀n." Ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

N kò ní fi àwọn àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù tí ń gbé lórí òkè náà dá yín dúró, àwọn tí Mikel Utsi kó wá láti Sweden ní ọdún 1952, tàbí porridge wọn, tí ó dàbí ògì tí ó ki jù, tí àwọn kan sì ń fi iyọ̀ sí. Agogo mẹ́rin kò tíì lù ní ọjọ́ tí mo kúrò níbẹ̀ tí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Nígbà tí a wọlé, a rán wa padà sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kìíní, mo sọ ìtàn ìṣubú mi fún àwọn ọmọ náà, mo sì fi han wọ́n lórí ilẹ̀ kíláàsì bí mo ti ṣubú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fi yọjú. Ọmọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ ìwé kíkà, ó wá. N kò pe ẹnikẹ́ni dìde. Mo ní kí gbogbo wọn kà á pọ̀, mo sì ń rìn láàárín àwọn bẹ́ǹṣì. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ní òpin ìlà, ó fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta pẹ́ lẹ́yìn àwọn yòókù.

Lẹ́yìn tí agogo lù, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ ṣubú?"

Mo ní, "N kò lè kà á."

Ó wò mí dáadáa. "Ẹ̀yin náà kò lè kà á?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sáré lé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.