Kòkòrò Àìfojúrí Tá a Fojú Rí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka báólójì, ẹ bá wa wá orúkọ míì.

Ọdún 2014 ni Manu Prakash àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford, l'Amẹ́ríkà, kọ̀wé jáde lórí Foldscope, awò tí wọ́n ń fi bébà ká, tí ohun èlò rẹ̀ kò tó dọ́là kan. Èyí tí wọ́n wá ń tà ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 140. Àbúrò mi gbé ọ̀kan wálé, sí Ekinrin-Adde. A kán omi kànga sí i.

Ìyá àgbà kì í gbà ká se omi mímu. Wọ́n ní kì í ládùn mọ́. Wọ́n wo awò náà, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nǹkan kan ń yí bírí nínú omi.

"Ìwọ tó ń ka Yorùbá, kí lorúkọ ẹ̀?"

"Kòkòrò àìfojúrí ni, mà."

"Èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú rí yìí?"

Kí n fèsì kẹ̀? Ojú wa lorúkọ yẹn ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀, kò kan kòkòrò rárá. Àbúrò mi ní kì í ṣe èyí ló ń fa táífọ́ọ̀dù o. Tìyẹn kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ gan-an. Ìyá àgbà pe tiwọn ní "Ayíbírí". Wọ́n ti ń se omi báyìí, wọ́n ṣì ń ráhùn pé kò ládùn.