Gbogbo Alángbá Ló Danú Délẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan: lójú tiyín, ṣé ìyàtọ̀ wà láàárín òyìnbó Amẹ́ríkà àti òyìnbó Ìlú Ọba? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òyìnbó ni òyìnbó ń jẹ́ lójú tèmi. Ìgbà tí mo lọ lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 2017, ni ojú mi tó là.

Ìjọ kan wà nítòsí ilé wọn tí mo máa ń lọ. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á fún wa ní tíì, a ó sì jókòó sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé arákùnrin kan, ọmọ Amẹ́ríkà láti Ohio, olùkọ́ ìtàn ni. Ó tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó sì fẹ́ràn ẹ̀rín gan-an. Ó ní láti ọdún mẹ́fà tí òun ti ń gbé láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì, bí òun bá ti la ẹnu báyìí, wọ́n ti mọ ibi tí òun ti wá. Ìbéèrè á wá bẹ̀rẹ̀: Ìbọn mélòó lẹ ní nílé? Ta lẹ dìbò fún? Ṣé òótọ́ ni pé ẹ ò mọ ibi tí orílẹ̀-èdè mìíràn wà lórí máàpù? Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin yìí ò fọwọ́ kan ìbọn rí láyé ẹ̀. Tó bá sì kí ẹni tó jókòó tì í nínú ọkọ̀ ojú irin, onítọ̀hún á kọjú sí fèrèsé. Wọ́n ní ariwo ará Amẹ́ríkà ti pọ̀ jù. Mo sọ fún un pé nílé tiwa, ẹni tí kò kí èèyàn là ń pè ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Inú ẹ̀ dùn débi pé ó bọ̀ mí lọ́wọ́.

Òun ló ṣàlàyé fún mi pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Lásìkò ogun Hitler, láti ọdún 1942, àwọn sójà Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í dé sí Ìlú Ọba. Nígbà tó fi máa di 1944, wọ́n ti tó mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Owó wọn pọ̀ ju ti sójà Gẹ̀ẹ́sì lọ fíìfíì, bẹ́ẹ̀ láti 1940 ni ìjọba ti ń wọn bọ́tà, ṣúgà àti ẹran fún àwọn onílé. Ìjọba Amẹ́ríkà tiẹ̀ tẹ ìwé kékeré kan fún àwọn sójà wọn, wọ́n kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi owó ṣe fáàrí. Síbẹ̀, orúkọ ti lẹ̀ mọ́ wọn lára: olówó, aláriwo, onífáàrí. Ti ìbọn náà ní ìdí. Ní 1996, ọkùnrin kan yìnbọn pa ọmọ iléèwé 16 àti olùkọ́ wọn ní Dunblane, ní Scotland. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba fòfin de ìbọn ìléwọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìbọn Amẹ́ríkà fi ń ya àwọn Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu.

Ẹ̀yin ará, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan èmi fúnra mi nìyí. Lẹ́yìn gbogbo àlàyé yìí, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí n padà sílé, mo pe arákùnrin yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kàdúná ń jò. Mo ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní dọ́là, kí nìyẹn máa jẹ́ lára yín? Ó dákẹ́. Ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ̀yin náà?"

Ó wá sọ fún mi pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun láti oṣù mẹ́rin. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń wá gba àpò oúnjẹ tí ìjọ yẹn ń pín fún àwọn aláìní. Kò lè sọ ọ́ fáwọn èèyàn, torí ta ló máa gbà gbọ́ pé ebi ń pa ará Amẹ́ríkà?

Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀, a sì gbàdúrà pọ̀. Ẹ gbọ́ o, òrùlé tiwa ló kọ́kọ́ gbàdúrà fún.

Ẹ rántí Pétérù nínú àgbàlá olórí àlùfáà. Ohùn ẹnu ẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ pé ará Gálílì ni. Ẹ rántí Nàtáníẹ́lì náà, tó bi Fílípì bóyá ohun rere kan lè ti Násárẹ́tì jáde. Fílípì ò bá a jiyàn. Ó ní kó wá wò ó fúnra ẹ̀.

Àwa tá à ń gbé Kàdúná mọ bó ṣe ń rí. Tá a bá ti la ẹnu lọ́jà, wọ́n ti mọ̀ wá, iye ọjà ti lọ sókè. Bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa yìí, a ṣì ń sọ pé, "Ìjẹ̀bú ni, ẹ ṣọ́ra." "Ìjẹ̀ṣà ni, òṣómàáló." Àbí a kì í sọ ọ́?

Mo bẹ̀ yín, ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, ẹ sún mọ́ ẹni kan tẹ́ ẹ rò pé ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́, kẹ́ ẹ bi í pé báwo ni nǹkan. Kẹ́ ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Olúwa á fún wa ní ojú tó ń ríran. Àmín.